Ọmọ Tí Òye Rẹ̀ Lọ́ra, Ọmọ Ìlú Ni

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àgbà, mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín kí ẹ tó jókòó ti ìwé yìí. Nítorí náà, n kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ oko, ọ̀rọ̀ omi mímu àti ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ ni a máa ń kà nínú ìwé bí èyí. Lónìí, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan tí ó wà nínú ilé yín, tàbí nínú ilé aládùúgbò yín, tí ẹ kì í sábà dárúkọ rẹ̀ níwájú àlejò.

Ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ti pé ọmọ ogún ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dà bí ti ọmọ ọdún márùn-ún. Bí a bá rán an ní iṣẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan ni yóò rántí. Kò lè ka owó. Ó lè máa rẹ́rìn-ín níbi tí ẹlòmíràn ti ń sunkún. Àwọn kan ń pè é ní ọ̀dẹ̀. Àwọn mìíràn ń pè é ní dìndìnrìn. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi yóò máa pè é ní ẹni tí òye rẹ̀ lọ́ra. Òye ń bẹ nínú rẹ̀. Ó lọ́ra ni, kò kú.

Ẹ má ṣe ṣì í mú o. Ẹni tí òye rẹ̀ lọ́ra kì í ṣe wèrè. Wèrè jẹ́ àìsàn tí ó lè kọlu ẹni tí orí rẹ̀ pé tẹ́lẹ̀, ìtọ́jú sì lè mú kí ara rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí òye rẹ̀ lọ́ra, láti kékeré ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Kò sí oògùn tí yóò sọ ọ́ di ẹlòmíràn. Síbẹ̀, ó lè kọ́ nǹkan bí ẹni tí ń kọ́ ọ bá ní sùúrù.

Ohun tí a ṣe sí àbúrò mi

Kí n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi.

Ìyá wa bí ọmọ márùn-ún. Àbúrò mi tí ó kẹ́yìn ni òye rẹ̀ lọ́ra. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé gíga, bí ọ̀rẹ́ mi kan bá bi mí pé, «Ẹ̀yin mélòó ni ìyá yín bí?», èmi a dáhùn pé, «Àwa mẹ́rin ni.» Mo sọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi mọ́ mi lẹ́nu.

Ní ọjọ́ tí àwọn àna mi wá sí ilé wa nítorí ìgbéyàwó mi, àbúrò mi ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun ni ó gbá gbogbo àgbàlá. Òun ni ó pọn omi kún ìkòkò méjèèjì. Nígbà tí àwọn àlejò kù díẹ̀ kí wọ́n dé, mo ní kí ìyá wa mú un lọ sí yàrá ẹ̀yìn, kí ó sì ti ilẹ̀kùn. Ìyá wa wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ó mú un lọ. A jẹun, a jó, a ya fọ́tò. Nínú fọ́tò náà, ẹ óò rí àgbàlá tí ó mọ́ tónítóní. Ẹni tí ó gbá a kò sí níbẹ̀.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìyá wa kú. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Àbúrò mi ń wá ìyá rẹ̀ kiri. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó rìn jáde, ó gba ojú ọ̀nà lọ títí ó fi dé abúlé mìíràn. Ó wọ àgbàlá onílé, ó ń yọjú wo yàrá. Wọ́n bi í pé, «Ọmọ ta ni ọ́? Ilé wo ni o ti wá?» Kò lè dáhùn. A kò kọ́ ọ ní orúkọ agbo ilé wa rí. Kí ni à bá kọ́ ọ sí, nígbà tí a kò fẹ́ kí ó jáde? Wọ́n ní olè ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú.

Ìyá àgbà kan tí ń ta ata ni ó gbà á sílẹ̀. Ó pariwo pé, «Ẹ fi í sílẹ̀! Mo mọ ìyá rẹ̀!» Báwo ni ó ṣe mọ̀ ọ́n? Ìyá wa mú un lọ sí ọjà rí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ó wà ní kékeré. Ó fi í hàn àwọn tí ń tajà nítòsí rẹ̀, ó ní, «Ọmọ mi nìyí.» Ìyá aláta náà kò gbàgbé.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa. A fi àbúrò mi pamọ́ fún ogún ọdún, a ní à ń dáàbò bò ó. Ogún ọdún yẹn kò gbà á lọ́wọ́ kùmọ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ìyá wa mú un jáde ni ó gbà á. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Kí ni ó ń fa òye tí ó lọ́ra?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé àjẹ́ ni, tàbí pé ìyá ọmọ jẹ èèwọ̀, tàbí pé baba rẹ̀ ṣẹ ẹnì kan. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti tú ilé púpọ̀ ká. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a mọ̀ lónìí.

Nígbà mìíràn, ọmọ kò tètè mí nígbà tí a bí i, èyí sì pa ọpọlọ rẹ̀ lára. Nígbà mìíràn, ibà líle tàbí àrùn yírùnyírùn ni ó kọlu ọpọlọ rẹ̀ ní kékeré. Ibà pọ́njú tí ó le púpọ̀ lára ọmọ titun lè fà á bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Bí aboyún kò bá rí ayodíìnì tó nínú oúnjẹ rẹ̀, ó lè pa ọmọ inú rẹ̀ lára. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ ra iyọ̀ tí a fi ayodíìnì sí.

Àwọn ọmọ kan wà tí ojú wọn fi ara jọ ti ara wọn bí ẹni pé ìyá kan náà ni ó bí wọn. Ní 1959, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé fi hàn pé nínú ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ohun tín-ín-tìn-ìn-tín kan tí ó yẹ kí ó jẹ́ 46 máa ń jẹ́ 47. Láti inú oyún ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá, kì í ṣe ẹ̀bi baba.

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà pẹ̀lú, dókítà yóò wò títí, kò ní rí ohun tí ó fà á. Ṣùgbọ́n ohun kan dájú: kì í ràn. Ẹ lè bá a jẹun nínú àwo kan. Ẹ lè bá a sùn lórí ẹní kan. Aboyún lè bá a ṣeré, kò sí ohun tí yóò ṣe ọmọ inú rẹ̀. Bí ó bá ní wárápá pẹ̀lú, itọ́ rẹ̀ kò lè kó wárápá ran ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí oògùn wárápá wà.

Ojú tí a fi ń wo ènìyàn lè yí padà

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, «Olùkọ́, bí a ti bá ayé nìyẹn. Àṣà ni.»

Mo gbà pé àṣà ni. Ṣùgbọ́n àṣà wo? Àwọn baba wa ń pe arọ, abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà. Wọ́n ní ọwọ́ Ọbàtálá ni wọ́n wà, ẹni tí ó bá fi wọ́n ṣẹ̀sín, Ọbàtálá ni ó fi ṣẹ̀sín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ọ̀wọ̀ òrìṣà ni a fi ń wo àfín. Yálà ẹ jẹ́ onígbàgbọ́, yálà ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ kò ní rí ibi tí ẹ̀sìn yín ti ní kí ẹ ti ọmọ yín mọ́ yàrá.

Ẹ tún rántí ọ̀rọ̀ ìbejì. Ní àtijọ́, ẹ̀rù ìbejì ń ba àwọn ará ilẹ̀ wa ní ibi púpọ̀, wọ́n sì ń pa wọ́n. Lónìí, ta ni kì í fún ìyá ìbejì ní owó nínú ọjà? Ṣé àwọn ìbejì ni ó yí padà? Rárá. Ojú wa ni ó yí padà. Bí ojú wa bá lè yí padà sí ìbejì, ó lè yí padà sí ẹni tí òye rẹ̀ lọ́ra.

Òfin wà, ṣùgbọ́n òfin kì í kí ènìyàn ní àárọ̀

Ó yẹ kí ẹ mọ òfin. Ní 1971, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti sọ ọ́ jáde pé ẹni tí òye rẹ̀ lọ́ra ní ẹ̀tọ́ bí àwọn ènìyàn yòókù, àti pé ó yẹ kí ó máa gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. Ní 2006, wọ́n ṣe àdéhùn ńlá kan lórí ẹ̀tọ́ gbogbo aláàbọ̀ ara. Tógò fi òǹtẹ̀ lù ú ní 2011, Bẹ̀nẹ̀ ní 2012. Ẹsẹ̀ kọkàndínlógún (19) àdéhùn náà sọ pé aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ láti gbé láàárín ìlú, kí ó sì kópa nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, Bẹ̀nẹ̀ tún ṣe òfin tirẹ̀ fún ààbò àti ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa béèrè ohun tí òfin fún wa. Ṣùgbọ́n òfin kò lè kí àbúrò mi ní àárọ̀. Òfin kò lè pè é wá síbi ìsọmọlórúkọ. Òfin kò lè sọ fún ọmọdé tí ń ju òkò lù ú pé, «Dẹ́kun, ẹ̀gbọ́n rẹ ni.» Àwa ni a lè ṣe ìyẹn.

Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀

Lẹ́yìn tí wọ́n lu àbúrò mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú un rìn. Ní àràárọ̀, a ń kí agbo ilé mẹ́ta. Mo ń sọ ohun kan náà níbi gbogbo: «Àbúrò mi nìyí. Bí ẹ bá rí i tí ó ń ṣìnà, ẹ mú un wá sílé fún mi.» Ojú tì mí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. N kò ní purọ́ fún yín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ènìyàn ni ó ń kọ́kọ́ kí i kí wọ́n tó kí mi.

Mo kọ́ ọ ní orúkọ rẹ̀ àti orúkọ agbo ilé wa. Ó gba oṣù mẹ́rin. Lónìí, bí ẹ bá jí i lóru, yóò sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, mo lọ bá àwọn obìnrin tí ń ṣe gàrí. Iṣẹ́ gàrí pọ̀: a óò bó ẹ̀gẹ́, a óò fọ̀ ọ́, a óò rin ín, a óò fún omi rẹ̀, a óò jọ̀ ọ́, a óò sì yan án. Àbúrò mi kò lè ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè fọ ẹ̀gẹ́. Ó lè gbé òkúta lé àpò kí omi lè jáde. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ìyá tí ó jẹ́ olórí wọn sọ fún mi pé, «Olùkọ́, ọmọ mi, bí ó bá da gàrí mi nù ńkọ́?» Mo ní, «Ìyá, èmi yóò san án.» Ó dà á nù lẹ́ẹ̀mejì. Mo san án lẹ́ẹ̀mejì. Kò dà á nù mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń bá mi wá sí kíláàsì wa. Òun ni ó ń gbé àtùpà. Òun ni ó ń pín ẹfun ìkọ̀wé. Kò tíì lè kàwé, n kò sì mọ̀ bóyá yóò kà á láé. Ó mọ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀, ó sì máa ń fi ìka tọ́ka sí i nínú ìwé àwọn ẹlòmíràn, inú rẹ̀ a dùn. Ṣùgbọ́n bí kò bá wá ní ìrọ̀lẹ́ kan, gbogbo kíláàsì ni yóò béèrè pé, «Àbúrò yín dà?» Ìbéèrè yẹn ni mo ń wá. Ẹni tí a ń béèrè nígbà tí kò sí níbẹ̀, ó ti di ara ìlú.

Kì í ṣe pé ohun gbogbo ti dára. Ẹgbẹ́ ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pín ẹran fún un nígbà ọdún. Àwọn kan ṣì ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn nígbà tí ó bá ń kọjá. A kò tíì dé ibi tí à ń lọ.

Ohun tí ẹ̀yin náà lè ṣe

1. Ẹ dárúkọ rẹ̀. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni ayé ń bá a pè é. Bí ẹ̀yin òbí bá pè é ní ọ̀dẹ̀, ìlú yóò pè é bẹ́ẹ̀. Bí àlejò bá béèrè iye ọmọ yín, ẹ kà á mọ́ wọn.

2. Ẹ gba ìwé ìbí fún un bí ẹ ti ń gbà á fún àwọn yòókù. Ẹni tí kò ní ìwé, kò sí lójú ìjọba. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì mẹ́rì yín bóyá ìrànlọ́wọ́ wà fún un.

3. Ẹ mú un jáde ní kékeré: sí ọjà, sí ṣọ́ọ̀ṣì, sí mọ́sáláṣí, sí ibi ìnáwó. Bí olùkọ́ ilé-ìwé bá lè gbà á, ẹ jẹ́ kí ó lọ.

4. Ẹ kọ́ ọ ní iṣẹ́ kan. Ẹ gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́. Ẹ fi ọwọ́ hàn án, ẹ má fi ẹnu nìkan sọ ọ́. Bí ó bá mọ apá kìíní, kí ẹ tó kọ́ ọ ní èkejì.

5. Bí ó bá ṣiṣẹ́, ẹ fún un ní owó iṣẹ́ rẹ̀. Kò mọ owó kà, kì í ṣe ìdí láti rẹ́ ẹ jẹ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ẹrú: òun ni ó ń pọn omi fún gbogbo agbo ilé, àjẹkù ni wọ́n fi ń san án. Ìyẹn kọ́ ni mo ń wí.

6. Ẹ ṣọ́ àwọn ọmọbìnrin dáadáa. Ọ̀dájú ọkùnrin mọ̀ pé ọmọ tí a fi pamọ́ kò lẹ́nu láti fẹjọ́ sùn. Ọmọ tí gbogbo àdúgbò mọ̀, tí ó mọ ẹni tí yóò sá tọ̀, ó ṣòro láti pa lára ní kọ̀rọ̀.

7. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ nìkan. Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ gbà á fún wákàtí kan kí ìyá náà lè lọ sí ọjà, kí ó lè wá sí kíláàsì. A mọ àáró, a mọ ọ̀wẹ̀. Bí a bá lè bá ara wa ro oko, a lè bá ara wa tọ́ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, mo mọ ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ sùn lóru. Kì í ṣe ẹ̀sín ayé. Ìbéèrè kan ni: «Bí mo bá kú, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀?» Ìyá wa kú pẹ̀lú ìbéèrè yẹn.

Mo gbà pé ìdáhùn kan ni ó wà. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè dípò ìyá. Ìlú ni ó lè ṣe é: ìyá aláta tí ó mọ ojú rẹ̀, obìnrin elégàrí tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọdé tí ó mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú kò lè tọ́jú ẹni tí kò mọ̀. Ìgbà tí ìyá wà láàyè ni ó yẹ kí ìlú mọ ọmọ náà. Bí a bá dúró títí di ọjọ́ ìsìnkú, ó ti pẹ́.

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀ ń rí Àkábà Ìdènà, ẹnu ibodè tí àwọn baba ńlá wa kọ́. Odi tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ yí gbogbo ọmọ ìlú ká, ẹni tí òye rẹ̀ yá àti ẹni tí òye rẹ̀ lọ́ra. Ọ̀tá ni wọ́n tì í mọ́ ìta. Wọn kò ti ọmọ wọn mọ́ ìta.

Bí ẹ bá délé lálẹ́ yìí, ẹ ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Lọ́la, ẹ mú un lọ kí agbo ilé kan. Ẹyọ kan péré.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú kíláàsì

1. Kí ni ó gba àbúrò olùkọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń lù ú?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín wèrè àti òye tí ó lọ́ra?
3. Ẹni mélòó ní àdúgbò yín ni òye rẹ̀ lọ́ra? Ṣé ẹ mọ orúkọ wọn?
4. Iṣẹ́ wo ní agbo ilé yín ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè kọ́? Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ẹ sì kọ apá kọ̀ọ̀kan sínú ìwé yín.